Ìwọ̀n Kan Náà

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ̀tù la fi ń pa ẹtu. Àwa tí à ń ka Yorùbá fẹ́ràn irú ọ̀rọ̀ báyìí, torí ohùn nìkan ló ya ẹ̀tù inú ìbọn sọ́tọ̀ sí ẹtu inú igbó. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọdẹ ní abúlé kan lọ́nà Ìsẹ́yìn, kì í ṣe eré ahọ́n rárá. Tí ẹ̀tù bá já wọn kulẹ̀, ẹtu á lọ, owó ilé ìwé mi á sì bá a lọ. Láti JS 1 títí mo fi wọ yunifásítì, ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n ń tà san án.

Ṣakabùlà ni ìbọn wọn. Àwọn èèyàn a máa sọ pé ìbọn ìbílẹ̀ ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, pé ibi tó bá wù ú ló ń yìn sí. Bàbá ò gbà. Wọ́n ní, "Ìbọn kì í purọ́. Ohun tó o bá kì sí i lẹ́nu náà ló máa sọ."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kì í. Ẹ̀tù ló kọ́kọ́ ń gba ẹnu ìbọn wọlé. Wọ́n á fi àkísà lé e, wọ́n á fi ọ̀pá irin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọta wẹ́wẹ́, àti àkísà mìíràn tí kò ní jẹ́ kí ọta yí dànù. Bàbá kì í fojú díwọ̀n ẹ̀tù o. Àdó kékeré kan wà tí wọ́n gé lórí, òun ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n á bù ú kún, wọ́n á fi ìka nu ojú rẹ̀ kó tẹ́jú. Ọta ńkọ́? Wọ́n á kà á. Àkísà pàápàá, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ń gé e.

Tí wọ́n bá ra ẹ̀tù tuntun, wọn ò ní gbé e wọ igbó lọ́jọ́ náà. Wọ́n á fi ẹfun fa àmì sára pákó, wọ́n á rìn ní ẹsẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sẹ́yìn, wọ́n á yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta. Ọta wẹ́wẹ́ a máa fọ́n ká, nítorí náà àárín ibi tó fọ́n sí ni wọ́n ń wá. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyí: tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá gba apá òsì àmì náà, inú wọn a máa dùn. Wọ́n á kàn máa fojú sun apá ọ̀tún díẹ̀. Ohun tí wọn ò fẹ́ ni kí ọ̀kan lọ sókè, kí èkejì lọ sósì, kí ẹ̀kẹta bà á. Èyí tó bà á yẹn gan-an ò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn. Àṣìṣe tí kì í yí padà ṣeé tún ṣe. Èyí tó ń yí padà, báwo lo ṣe fẹ́ tún un ṣe?

Ẹ̀tù ò rí bákan náà. Èyí tó kúnná ń yára jó ju èyí tó rí gbàǹgbà-gbàngba lọ, agbára rẹ̀ sì ń le sí i nínú ìbọn. Ọ̀rinrin ìgbà òjò ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Ọdẹ kan ní abúlé kejì da ẹ̀tù méjì tó yàtọ̀ síra pọ̀, ìbọn fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìka méjì bá a lọ. Yàtọ̀ sí ewu, ẹran tí ọta kàn hà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sá lọ kú síbi tí ẹnì kan ò rí i, ó jẹ̀rora lásán, kò sì bọ́ ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe ṣakabùlà nìkan o. Àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà tó ń lo ráífù, ìbọn tí wọ́n fín inú ihò rẹ̀ yíká kí ọta lè máa yí bó ṣe ń jáde, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ọta .30-06 tó wọ̀n 150 grain àti èyí tó wọ̀n 180 grain lè wọ inú ìbọn kan náà, síbẹ̀ wọn kì í sábà bọ́ sójú kan náà ní 100 yards. Nítorí náà, wọ́n á yan irú kan, wọ́n á wo nọ́ńbà tó wà lára páálí kó lè jẹ́ pé ìgbà kan náà ni wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀, wọ́n á rà á pọ̀. Tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀, ó di kí wọ́n tún dán ìbọn wò lákọ̀tun.

Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, a máa ń jiyàn pé ìlànà ń há ewì mọ́. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn ọdẹ tó ni ìwọ̀n yìí náà ló ni ìjálá, tí Adébóyè Babalọlá kọ ìwé ńlá lé lórí ní 1966. Ẹni tó bá mọ ibi tí ohùn òun máa ń gbé ọ̀rọ̀ lọ ló lè mọ̀ọ́mọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà.

Ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì báyìí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ fún ọmọ wọn, àdó ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, wọn ò tíì mú ìbọn. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta, kò ba àmì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá sún mọ́ pákó, wọ́n fọwọ́ wá ihò ọta, wọ́n bá gbogbo rẹ̀ lójú kan nísàlẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ó ti mọ̀ ọ́n kì," ni wọ́n wí.