Ládípọ̀ Ni A Kọ́kọ́ Yà Sí

Ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ni èmi àti mẹkáníìkì mi wọ̀ ní Mọníyà, ní Ìbàdàn, nítorí a ti pinnu pé inú ọkọ̀ tiwa ni a ó jókòó sí padà wálé. Bàbá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà. Ó gbé àpò dúdú kan lé itan rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì, àkísà ìnuwọ́ àti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń yẹ ọpọlọ ọkọ̀ wò ló wà nínú rẹ̀. Èmi ní tèmi, fóònù ni mo dì mú. Àwòrán jíìpù kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí mo ti wò tó ìgbà ogún láti ọjọ́ Ajé: Honda Element, ti ọdún 2005, aláwọ̀ eérú, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà.

Màámi ló fà á. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ti ń dà á láàmú fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, mo sì ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọjọ́bọ̀ kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé Ìbàdàn rí mọ ohun tí a ń wọ̀: Micra. Kí Màámi tó lè jókòó sẹ́yìn Micra, yóò kọ́kọ́ fi ìdí wọlé, yóò wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún náà wọlé bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Kì í sunkún. Ṣùgbọ́n tí a bá ti ti ilẹ̀kùn tán, kì í sọ̀rọ̀ títí a ó fi kúrò ní àdúgbò wa.

Ohun tí ó mú mi fẹ́ràn Element kò ju ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ. Kò sí òpó láàárín ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ti iwájú ń ṣí síwájú, ti ẹ̀yìn ń ṣí sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù aláwẹ́ méjì, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yóò sì wà ní gbangba. Ìjókòó rẹ̀ ga, ilẹ̀ inú rẹ̀ tẹ́jú, kì í sì í ṣe kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀ bí kò ṣe ohun kan bíi rọ́bà tí a lè fi aṣọ tútù nù. Ní East Liberty, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni Honda ti ń ṣe é, láti orí èyí tí wọ́n pè ní ti ọdún 2003 títí dé ti 2011, lẹ́yìn náà wọ́n dáwọ́ dúró. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń lọ sí etí òkun ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rà á ti kúrò lọ́mọdé. Kò yà mí lẹ́nu. Orúnkún àgbà kò yàtọ̀ ní Ohio.

A ti kọjá ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Abẹ́òkúta nígbà tí Bàbá Ìbejì béèrè ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní Bẹ́gà, níbi tí ọkọ̀ náà wà. Ó mi orí.

“Ládípọ̀ ni. Ṣé ẹni tó fẹ́ gbé ìyàwó kì í kọ́kọ́ wádìí ìdílé ni? Ọkọ̀ tí wọn kò ṣe mọ́, ẹbí rẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ lọ rí. Bí ẹ bá rí ọmọge náà ṣáájú, ẹ kò ní gbọ́ ohun tí a bá sọ fún yín nípa ìdílé rẹ̀ mọ́.”

A sọ̀ ní ibùdókọ̀ Mobọ́lájí Johnson ní Èbúté Mẹ́ta, a wọ dáńfó dé Òṣòdì, a sì tún wọ òmíràn tó gba ọ̀nà márosẹ̀ Àpápá. Ládípọ̀ kò ní ẹnubodè kan pàtó. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ti dúdú fún ọ́ìlì, tí bàtà rẹ sì ń lẹ̀ mọ́ ọn, o ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Wọ́n to ilẹ̀kùn ọkọ̀ jọ bí ẹni to ìwé sórí pẹpẹ. Wọ́n fi okùn so bọ́ńpà kọ́ sókè bí ẹran ní ìsọ̀ alápatà. Mo rí iwájú ọkọ̀ kan tí wọ́n gé láàárín, sitíárì rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, ọmọkùnrin kan sì jókòó síbẹ̀ tó ń jẹ ìrẹsì. “Bẹ́ljíọ̀mù” ni wọ́n ń pe ẹrù àlòkù tó bá ti òkè òkun dé, ì báà jẹ́ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Àwọn géńdé a máa di ènìyàn lọ́wọ́ mú: “Bọ̀dá, kí lẹ ń wá?” Bàbá Ìbejì kò dáhùn. Ó ń lọ bí ẹni tó mọ ilé àna rẹ̀.

Ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta ẹ́ńjìnnì ni a kọ́kọ́ yà. Ọmọ Ìgbò ni ọ̀gá tó ni ín, ṣùgbọ́n Yorùbá Múṣin ni ó ń sọ, ó já gaara ju tèmi lọ. Bàbá Ìbejì béèrè ẹ́ńjìnnì Element. Ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí mẹ́fà tó wà nílẹ̀ lábẹ́ tapólì. “Accord, Accord, CR-V, Accord, CR-V, Accord. Ẹ mú èyí tó wù yín ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá kan náà ló bí wọn.”

Òótọ́ ni. Ẹ́ńjìnnì onílítà 2.4 tó wà nínú Element, ìdílé kan náà ni òun àti ti CR-V ọdún 2002 sí 2006, àti ti Accord ọdún 2003 sókè tí àwa ará Nàìjíríà sọ ní End of Discussion. Ṣéènì ni ó ń lo nínú, kì í ṣe bẹ́líìtì tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Orí ìpìlẹ̀ CR-V ni wọ́n sì kọ́ Element lé. Nítorí náà, mẹkáníìkì tó bá mọ ọ̀kan kò ní ṣàjèjì sí èkejì. Jíà nìkan ni ó gba ìṣọ́ra, nítorí ti èyí tí táyà iwájú nìkan ń fà kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà.

Inú mi ti ń dùn. Bàbá Ìbejì wá béèrè iná iwájú.

Ọ̀gá ìsọ̀ náà dákẹ́. Ó pe ọmọ kan, ọmọ náà sáré lọ. A dúró fún ohun tó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó padà dé pẹ̀lú iná kan ṣoṣo, ti ọwọ́ ọ̀tún, tí etí rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Owó tí ó bù lé e tó owó táyà tòkunbọ̀ méjì. (N kò ní kọ iye rẹ̀ síbí, kí ẹ tó ka àpilẹ̀kọ yìí, ó lè ti di ìlọ́po.) Gíláàsì ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ńkọ́? Kò sí. Ike gbàǹgbà tó yí ara ọkọ̀ ká ńkọ́, èyí tí ọlọ́kadà kan ṣoṣo lè fọ́ ní Mọ́kọ́lá? Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ máa wakọ̀ yín jẹ́jẹ́ ni.”

Ohun tí mo kọ́ ní ìsọ̀ yẹn yàtọ̀ sí ohun tí mo gbé wá láti ilé. Ẹ̀rù “wọn kò ṣe é mọ́” ni ó ń bà mí tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró ni ọkọ̀ náà kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Pontiac Vibe: orúkọ Pontiac fúnra rẹ̀ ti kógbá wọlé láti 2010, síbẹ̀ èjìrẹ́ ni òun àti Toyota Matrix, ẹ́ńjìnnì Toyota ló sì wà nínú rẹ̀, onítọ̀hún kò ní pòórá ní Ládípọ̀ láìpẹ́. Ohun tí ọkọ̀ bá bá ẹbí rẹ̀ pín ni yóò pẹ́ lọ́jà. Ohun tí ó bá dá ní, ojú, aṣọ, ilẹ̀kùn, ìyẹn ni ìyà yóò ti wá. Ohun tí Element sì dá ní gan-an ni mo torí rẹ̀ fẹ́ ẹ.

Bẹ́gà kò jìnnà sí ibẹ̀. Bẹ́gà ti ọ̀nà Àpápá ni o. Ará òkè bíi tiwa tó bá kàn sọ “Bẹ́gà” fún kọ̀ńdọ́ lè bá ara rẹ̀ ní Òjòdú. Ṣáájú ọdún 2017, Kútọnu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń lọ ra irú ọkọ̀ báyìí, kí ìjọba àpapọ̀ tó ní kí ọkọ̀ má ṣe gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Orí omi ni wọ́n ń gbà báyìí, èbúté Tin Can kò sì jìnnà, ìdí nìyẹn tí ọgbà ọkọ̀ fi tò lọ ràì.

Wọ́n ti fọ jíìpù náà, wọ́n ti fi nǹkan dúdú pa táyà rẹ̀. Bàbá Ìbejì kò wo ìkankan nínú ìyẹn. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bọ̀nẹ́ẹ̀tì.

“Ta ló ti jí i kí a tó dé?”

Ẹni tó fẹ́ tà á ní àwọn kàn fẹ́ gbé e kúrò nínú oòrùn ni. Bàbá Ìbejì sọ fún un pé a ó dúró kí ó tutù, torí ariwo tó bá wà nínú ẹ́ńjìnnì, ìgbà tí ó bá tutù ni yóò sọ̀rọ̀. Ó sì jókòó sórí àpò rẹ̀.

Ní wákàtí tí a fi dúró yẹn ni mo jókòó sí iwájú, ní ipò Màámi. Mo fi ìdí wọlé, mo yí ẹsẹ̀ mi ọ̀tún wọlé láì tẹ orúnkún rárá. Ojú mi fẹ́ ṣomi. Lẹ́yìn náà ni mo gbìyànjú láti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ni mo bá rí ohun tí àwòrán kò fi hàn mí: ara ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni bẹ́líìtì ìjókòó iwájú wà. Ẹni iwájú gbọ́dọ̀ tú bẹ́líìtì, kí ó ṣílẹ̀kùn tirẹ̀, kí ọmọ tó wà lẹ́yìn tó lè jáde. Láti orí ti ọdún 2007 ni wọ́n ti gbé bẹ́líìtì náà sí ara ìjókòó, tí jíà rẹ̀ sì di onípele márùn-ún dípò mẹ́rin.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ó jí lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́ bí omi àmù. Ẹ̀rọ ayẹ̀wò kò rí àṣìṣe kankan. Bàbá Ìbejì ká sitíárì dé òpin, ó ń yí po nínú ọgbà. Nǹkan kan ń kùn lẹ́yìn. Ó ní ọ́ìlì jíà ẹ̀yìn ló ti gbó, pé bí a bá pààrọ̀ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ariwo náà lọ. Ó wò mí bí ẹni pé ó fọwọ́ sí i.

Ó ku nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú. 5J6 ló fi bẹ̀rẹ̀, bí ó ti yẹ. Ẹ̀kẹwàá rẹ̀ jẹ́ 5, ó sì bá 2005 mu. Mo tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó, ọ̀fẹ́ ni. Èsì rẹ̀ dé: wọ́n ti pe ọkọ̀ yìí padà fún airbag Takata, wọn kò sì tíì ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Airbag ni àpò tó ń wú láti gba orí àti àyà ènìyàn nígbà ìjàǹbá. Kẹ́míkà kan ni ilé-iṣẹ́ Takata ti Japan ń lò láti fi wú u, ammonium nitrate. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ń bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, agbára rẹ̀ lè pọ̀ jù lọ́jọ́ tí yóò bú, kí agolo irin tó wà nínú rẹ̀ fọ́, kí àfọ́kù rẹ̀ sì dojú kọ ẹni tí ó yẹ kí ó dáàbò bò. Ó ti pa ènìyàn. Gbogbo Element, láti ti 2003 dé ti 2011, ni ìpè náà kàn. Ìlú tó gbóná tó sì lọ́rinrin ni ewu rẹ̀ pọ̀ sí jù. Mo gbé ojú sókè, òógùn ń ṣàn lára gbogbo wa.

Mo fi èsì náà han ẹni tó fẹ́ tà á. “Ẹ̀gbọ́n, mélòó ni mo ti tà? Kò sí èyí tó bú.” Kí n tó dáhùn, ó ti gé owó rẹ̀ wálẹ̀. N kò tíì nájà.

Mo jáde sí ẹ̀bá ọ̀nà, mo pe ìyàwó mi. Mo kọ́kọ́ sọ ti ilẹ̀kùn, bí ẹni tó fẹ́ kí a gba òun láyè.

“Ènìyàn mélòó ló ń gbé?”

“Mẹ́rin.”

“Márùn-ún ni wá tí Màámi bá wà níbẹ̀.”

Mo ní ilé ẹ̀kọ́ ni àwọn ọmọ máa ń wà ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní ọjọ́ Àìkú ńkọ́, ṣé Màámi ni a ó fi sílẹ̀ ni, àbí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ? N kò rí èsì. Mo wá sọ ti airbag.

“Níbo ni Màámi yóò máa jókòó?”

“Iwájú.”

Kò sọ nǹkan kan mọ́. Mo ń gbọ́ bí ata ṣe ń hó lórí iná lọ́dọ̀ rẹ̀.

A kò rà á. Mo fi nọ́ńbà fóònù mi sílẹ̀ pé bí ti 2007 sókè bá dé, tí ìwé fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ airbag rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n pè mí. Mo ṣì lè bá ìyàwó mi jiyàn ìjókòó mẹ́rin. Bàbá Ìbejì kọ̀ láti gba owó iṣẹ́. Ó ní òun kì í gba owó ọkọ̀ tí a kò rà. Mo fi sínú àpò rẹ̀ nígbà tí ó ń sùn nínú ọkọ̀ ojú irin.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a dé Mọníyà. Màámi ti pè lẹ́ẹ̀mejì; mo ní máa sọ fún un nílé. Micra kan ń pe èrò, ó ku ẹnì kan lẹ́yìn. Mo fi ìdí wọlé, mo ká ẹsẹ̀ mi méjèèjì tẹ̀lé e, orúnkún mi sì kan ẹ̀yìn ìjókòó iwájú kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.