Àwọn Ẹyẹ Odò Ọya ní Gamkalley

Aago mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù ní Sátidé kan nínú oṣù Kínní nígbà tí ìdílé mẹ́ta wa pàdé ní Gamkalley, àdúgbò kan létí odò ní ìlú Niamey. Ọyẹ́ mú gan-an. Àwọn ọmọ wé ìborùn mọ́rí, wọ́n sì ń kùn nítorí pé a jí wọn lọ́jọ́ tí kò sí ilé-ìwé. Nígbà tí a sọ fún wọn pé ẹyẹ la fẹ́ lọ wò, ọ̀kan nínú wọn ní, "Ṣé adìyẹ ilé kò tó wò ni?"

Tí ẹ bá ti ìdí Afárá Kennedy, tí wọ́n ṣí ní 1970, tẹ̀ lé odò lọ sísàlẹ̀, ọwọ́ òsì ni Gamkalley wà. Ọgbà ẹ̀fọ́ wà létí omi níbẹ̀. A bá ọlọ́kọ̀ kan dúnàádúrà, a sì wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Odò kún dẹ́nu. Ọmọkùnrin kan béèrè pé, "Òjò ti dá tipẹ́tipẹ́, níbo ni omi yìí ti wá?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni odò yìí máa ń kún ní Niamey lọ́dún. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ omi òjò tó rọ̀ nítòsí, tó máa ń dé ní nǹkan bí oṣù Kẹjọ sí Kẹsàn-án, tí ẹrẹ̀ ń sọ ọ́ di pupa. Ìkejì jẹ́ òjò tó rọ̀ ní Guinea. Ó ń rọra gba inú àbàtà ńlá ilẹ̀ Mali kọjá, ó sì ń dé Niamey ní nǹkan bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kínní, nígbà tí àwọn adágún kéékèèké ti ń gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹyẹ fi ń rọ́ wá sí etí odò. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti ilẹ̀ Yúróòpù sá òtútù wá.

Bí oòrùn ṣe yọ, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan nàka sókè. Ó pariwo ní èdè Faransé pé ẹyẹ funfun ló ń lọ yẹn. Kò sí èyí tó lè pè é ní Yorùbá nínú àwọn ọmọ méje tó wà nínú ọkọ̀. Màmá àgbà tó bá wa lọ mi orí, wọ́n ní, "Lékeléke nìyẹn." Wọ́n sọ fún wọn bí àwa ṣe máa ń na ìka sí i nígbà èwe wa, tí a ń tọrọ èékánná funfun. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo ìka ti wà lókè. Ìkùnsínú tán.

A rí ẹyẹ dúdú-òun-funfun kan tó ń ju apá lójú kan lókè omi, tó sì já wọlé bí òkúta láti gbé ẹja. A rí òmíràn tó fi ọmọ ìka gígùn rìn lórí ewé òṣíbàtà láìrì. Akọ rẹ̀ ló ń sàba lórí ẹyin, òun náà ló sì ń tọ́ ọmọ. Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́. Àwọn bàbá ń wo omi. Alápàńdẹ̀dẹ̀ náà fò kọjá, ẹyẹ tí ilé rẹ̀ kò kanlẹ̀ tí kò kan ọ̀run. Nínú ìran wọn, àwọn kan wà tó ń la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ́dọọdún.

Lẹ́yìn náà la sọ orúkọ odò fún wọn. Àwọn Zarma ń pè é ní Isa Beeri. Odò Ọya ni tiwa. Ó ń ti ibí lọ sí ẹnubodè Benin, ó ń wọ Nàìjíríà, ó ń gba Kainji kọjá dé Jẹ́bbà. "Jẹ́bbà tí a máa ń gbà lọ sọ́dọ̀ Ìyá àgbà?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà dákẹ́. Ní 2023, nígbà tí wọ́n ti bodè Nàìjíríà àti Niger, kò lè lọ lo ìsinmi nílé. Omi yìí kò dúró ní bodè, ẹyẹ náà kò sì dúró.

Ẹ̀yin òbí, Faransé ni àwọn ọmọ wa ń gbọ́ ní ilé-ìwé, Zarma àti Hausa ni wọ́n ń gbọ́ ládùúgbò. Yorùbá tí a fi ń bá wọn wí, tí a fi ń pè wọ́n jẹun, kò ní lékeléke nínú. Tí a kò bá mú wọn lọ síbi tí ẹyẹ wà, ta ni yóò sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn?

Tí ẹ bá fẹ́ lọ, àárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ló dára jù. Ẹ tètè dé, kí oòrùn tó mú. Ẹ gbọ́ iye owó ọkọ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ wọ ẹ̀wù amúniléfòó fún àwọn ọmọ, ẹ sì gbọ́ràn sí ọlọ́kọ̀ lẹ́nu nítorí erinmi wà nínú odò náà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ sọ òkò lu ẹyẹ, ẹ kó ọ̀rá yín padà sílé. Ẹ mú ìwé àjákọ kan dání.

Orúkọ mẹ́fà ló wà nínú tiwa: lékeléke, alápàńdẹ̀dẹ̀, àṣá, àdàbà, ẹ̀gà, pẹ́pẹ́yẹ. Ọmọ tó béèrè nípa adìyẹ ló kọ wọ́n, ó sì ti ń béèrè ìgbà tí a óò tún lọ.