Báwo ni Ẹ Ṣe Mọ̀?

Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé wa ọ̀wọ́n yìí, ìbéèrè kan kì í kúrò lẹ́nu olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa: "Báwo ni o ṣe mọ̀?" Ẹni tí ó bá dáhùn pé, "Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni," yóò wà lórí ìdúró títí aago yóò fi lù.

Ó lé ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà kí n tó mọ iyì ìbéèrè yìí. Ọmọbìnrin mi bí ọmọ oṣù méje, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju kílò kan ààbọ̀ lọ. Mo bá nọ́ọ̀sì tí ó ń fi ọ̀já gba ìkókó náà mọ́ àyà ìyá rẹ̀, ara kan ara, bí ẹni pọn ọmọ síwájú. Ẹ̀rù bà mí. Àkọ́bí tiwa náà kò pé oṣù. Inú àpótí tí ń mú ọmọ móoru ni wọ́n gbé e sí. Wọn kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fọwọ́ kàn án títí ó fi dákẹ́ ní ọjọ́ kẹta. Síbẹ̀, àpótí yẹn ni mo ṣì gbójú lé.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé kò sí àpótí ni?"

"Ó wà, Bàbá. Èyí ló dára jù fún un."

"Báwo ni ẹ ṣe mọ̀?"

Kò bínú. Ó ní ìlú Bogotá ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà ni ìtọ́jú yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní 1978, nígbà tí àpótí kò kárí àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwádìí lórí ọmọ 3,211 ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Tàǹsáníà àti Nàìjíríà. Ilé-Ifẹ̀ ni ti wa. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2021. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí a kò gbé mọ́ àyà títí ara wọn fi balẹ̀, bíi 16 ni ó kú kí ọjọ́ 28 tó pé. Nínú àwọn tí a gbé mọ́ àyà lójú ẹsẹ̀, 12 ni.

Kò fi ìwé nìkan ṣe é. Ó ń ka èémí ọmọ, ó ń wo bí ara rẹ̀ ti gbóná sí, ó sì ń bi ìyá léèrè bóyá ara rọ̀ ọ́.

Ọmọ náà yè, ògo ni fún Ọlọ́run. Àwọn tí ó tọ́jú àkọ́bí wa kì í ṣe ìkà. Ohun tí a kọ́ wọn ni wọ́n ṣe. N kò lè sọ pé ì bá yè, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ì bá ti gbé e mọ́ra.

Olúwa wa kò lé Tọ́másì nítorí pé ó bèèrè ẹ̀rí. Ó fi ọwọ́ Rẹ̀ hàn án. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa fi ọ̀wọ̀ bèèrè. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé wa tí ẹ di nọ́ọ̀sì, ẹ má ṣe bínú sí ẹni tí ó bá bi yín.