Ìró Ẹnu Ẹyẹ Nínú Ilé Tiki

Bí o bá jókòó sí ìlà iwájú, lábẹ́ ibi tí odídẹrẹ́ kan tó ń jẹ́ José bà sí, wàá gbọ́ ohun tí àwọn tó wà lẹ́yìn kì í gbọ́. Kí orin tó wọ̀ ọ́ létí, ìró ẹnu ẹyẹ ni yóò kọ́kọ́ dé: ká-ká-ká, ká-ká, bí ìgbà tí ọmọdé ń fi èèpo àgbọn méjì lu ara wọn. Bí gbogbo ẹyẹ bá wá jọ lanu lẹ́ẹ̀kan náà, ìró yẹn á kún ilé bí òjò tó ń pa páànù. Àwọn kan ní ó ń ba orin jẹ́. Ní tèmi, torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń tètè dé, kí ìlà iwájú má baà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Walt Disney's Enchanted Tiki Room ni orúkọ ilé náà, nínú ọgbà ìgbafẹ́ Disneyland ní ìlú Anaheim, ìpínlẹ̀ California. Ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1963 ni wọ́n ṣí i. Ohun ńláńlá pọ̀ nínú ọgbà yẹn: ọkọ̀ tó ń já ṣòòrò láti orí òkè, ilé àwọn iwin, ọkọ̀ ojú omi tó ń gba àárín àwọn ajalèlókun kọjá. Èrò máa ń tò pẹ́ nítorí wọn. Ilé àwọn ẹyẹ kì í ní èrò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà tó fẹ́ sinmi ẹsẹ̀ ló ń wá, àti àwọn ìyá ọlọ́mọ tó ń sá fún oòrùn, àti àwa díẹ̀ tí ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ lẹ́wù. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń lọ, ara mi ṣì máa ń yá gágá bí iná bá ti ń rẹlẹ̀.

Ọgbà kékeré kan ni wàá kọ́kọ́ dúró sí. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta Dole Whip, áísìkirímù ọ̀pẹ̀yìnbó tó tutù tó sì kan díẹ̀. Bí o ṣe ń lá a, àwọn ère tó yí ọ ká á máa sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Pele, òrìṣà iná àwọn ará Hawaii, wà níbẹ̀, tí iná ń jó lára rẹ̀. Rongo wà níbẹ̀, àti Tangaroa, àti Maui. Rolly Crump, ọ̀kan lára àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Walt Disney, ló ya wọn. N kì í lè dúró níwájú wọn kí n má rántí àwọn ère òrìṣà tiwa tó wà nínú gíláàsì ní ilẹ̀ òyìnbó, tí àwọn tó ń wò wọ́n kò mọ oríkì wọn. Nítorí náà ni mo ṣe kọ́ ọmọ mi obìnrin pé orúkọ tí àwọn èèyàn fi ń gbàdúrà ni àwọn orúkọ wọ̀nyí, pé kí ó máa pè wọ́n bó ṣe yẹ. Mo fẹ́ràn ilé yìí gan-an, ìfẹ́ náà kò sì ní kí n má sọ ìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, òkùnkùn tútù ni yóò pàdé rẹ. Ilé yìí ni ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sí nínú ọgbà náà, àwọn ẹ̀rọ tó ń darí àwọn ẹyẹ ni wọ́n sì torí ẹ̀ ṣe é, kì í ṣe èèyàn. Òrùlé koríko ló wà lókè, òpó gbígbẹ́ yí ògiri ká, àga sì tò yí àárín ilé ká. Òṣìṣẹ́ kan á wọlé, á ní kí a bá òun jí José. Ìgbà náà ni ẹyẹ yẹn á la ojú, á gbọn ara díẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ará Mẹ́síkò. Michael á dá a lóhùn bí ará Ireland, Pierre bí ará Faransé, Fritz bí ará Jámánì. Àwọn mẹ́rin yìí ni olórí agbo. Láàárín wọn ni ohun kan á ti sọ̀ kalẹ̀ láti òkè bí àtùpà ńlá aláwẹ́lẹ́wẹ̀ẹ́, ẹyẹ funfun tó wà lára rẹ̀ ń kọrin, omi á sì máa rú sókè láti ìsàlẹ̀ wá pàdé wọn. Òdòdó á la ẹnu, wọ́n á kọrin. Àwọn ojú tí wọ́n gbẹ́ sára òpó á ṣí, wọ́n á máa pe ègè, àwọn onílù orí ògiri á bá wọn lù ú. Lẹ́yìn náà ni ààrá á sán, o ó sì rí òjò tó ń ṣàn lójú fèrèsé.

Ẹyẹ, òdòdó, ère àti onílù, gbogbo wọn lé ní 200. Kò sí ọ̀kan tó lẹ́mìí.

Lọ́dún tí Bàámi wá kí wa láti Ìwó, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mú wọn lọ. Ẹni tó bá mọ Ìwó mọ̀ pé ìlú odídẹrẹ́ ni. Ẹyẹ náà wà nínú oríkì wọn. Ilé tí wọ́n ti ń sin odídẹrẹ́ ni Bàámi dàgbà sí. Wọ́n mọ bó ṣe ń tẹrí kọ́ kí èèyàn lè họ ọ́ lọ́rùn, wọ́n sì mọ ìgbà tó bá ń bínú. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé fìlà lé itan. Bí José ṣe la ojú tó kí èrò, Bàámi na ọrùn, ìdí ẹ̀ ni wọ́n ń wò.

"Ìkóódẹ ẹ̀ dà?"

Mo rọra dá wọn lóhùn pé, "Kì í ṣe irú tiwa, Bàámi. Gúúsù Amẹ́ríkà nirú èyí ti wá. Bí ìrù tiwọn ṣe gùn nìyẹn."

"Ìrù gùn tó báyìí, kí la fẹ́ fi ṣe? Ìkóódẹ kì í kọjá ìka ọwọ́."

Wọ́n dákẹ́. Nígbà tí ààrá sán, wọ́n bojú wo fèrèsé, wọ́n ní ṣé òjò ti dé ni, àti pé a kò mú agbòjò. A jáde sínú oòrùn. Wọ́n dúró, wọ́n yíjú padà wo ilẹ̀kùn.

"Kí ló wà nínú wọn?"

Mo ní afẹ́fẹ́ ni. Mo ṣàlàyé pé tẹ́ẹ̀pù ni wọ́n gba ohùn sí nígbà tí wọ́n kọ́ ilé náà. Ìró kan lórí tẹ́ẹ̀pù yẹn ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó ṣí ojú ihò kékeré kan, afẹ́fẹ́ á gba inú ọpọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú ẹyẹ, ẹnu á sì là. Ìyẹn ni káká tí a ń gbọ́. Bàámi ronú sí i, wọ́n wá ní, "Jẹ́ ká padà wọlé." Ẹ̀ẹ̀mẹta la wọlé lọ́jọ́ yẹn.

Nílé, kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tó wà lábẹ́ aṣọ eégún. Bí eégún alárìnjó bá pidán tó di òjòlá, tó di ọ̀nì, ariwo ni èrò ń pa, ọ̀rọ̀ tán. Níbí, àwọn tó ṣe idán náà ló fúnra wọn ṣí aṣọ. Wọ́n sọ ọ́ nínú ìwé, wọ́n sọ ọ́ nínú fíìmù, a sì mọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀: Walt Disney ra ẹyẹ onírin kékeré kan tó ń kọrin nínú àgò ní New Orleans, ó gbé e fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n tú u wò. Mo ti rò rí pé ọjọ́ tí mo bá mọ gbogbo rẹ̀ tán ni adùn rẹ̀ á lọ. Ìgbà tí mo wá mọ̀ ọ́n gan-an ni mi ò lè kúrò nídìí rẹ̀ mọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àyà ẹyẹ. Ẹyẹ tó bá ń kọrin gbọ́dọ̀ máa mí, àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wú kó máa rọlẹ̀. Ìyẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kò jẹ́ kó ṣeé ṣe, ńṣe ló ń dìde wẹ́kuwẹ̀ku bí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́. Harriet Burns, ọ̀kan lára àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yẹn, ló wà nídìí iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń ṣèpàdé, ó rí i pé súwẹ́tà onírun ewúrẹ́ tí Walt Disney wọ̀ ń tẹ̀ ní ìgúnpá, ó sì ń nà padà láìrún. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti dé. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n hun fún àyà àwọn ẹyẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ìtàn yìí ni ojú mi kì í ti í kúrò ní àyà José. Wíwú tó ń wú yẹn, ojú obìnrin kan tó ń wo ìgúnpá ọ̀gá rẹ̀ ló bí i.

Ilé oúnjẹ ni wọ́n tilẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe. Wọ́n rí i pé ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ kò ní dìde fún ẹlòmíràn, ni wọ́n bá fi oúnjẹ sílẹ̀. Lẹ́yìn ẹyẹ ni èèyàn: ọgbọ́n kan náà ni wọ́n fi ṣe ère Abraham Lincoln tó dìde sọ̀rọ̀ níbi àfihàn àgbáyé ní New York lọ́dún 1964, òun náà sì ni wọ́n fi ṣe àwọn ajalèlókun lọ́dún 1967. Èrò ń tò síwájú àwọn ọmọ, ìyá wọn jókòó jẹ́jẹ́ lábẹ́ koríko.

Irú ilé ẹyẹ yìí wà ní ọgbà Disney tó wà ní Florida láti ọdún 1971. Lọ́dún 1998, wọ́n yí eré tibẹ̀ padà, wọ́n fi ẹyẹ méjì láti inú fíìmù, Iago àti Zazu, ṣe ọ̀gá tuntun. Mo rí fídíò rẹ̀, ó sì dùn mí, torí ńṣe ni àwọn ọ̀gá tuntun yẹn ń bú orin àtijọ́ náà fúnra rẹ̀. Iná ṣẹ́ yọ níbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2011; nígbà tí wọ́n máa ṣí i padà ní oṣù kẹjọ, eré àtijọ́ ni wọ́n dá padà, bó tilẹ̀ kúrú díẹ̀.

Èèyàn kò lè gbé ilé náà lọ sílé, báàjì ni a ń gbé. Báàjì onírin kékeré ni, tí wọ́n kun ní àwọ̀ tó ń dán, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ àti ìdérí rọ́bà tó ní etí bíi ti Mickey. Ọdún 1999 ni pàṣípààrọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Florida. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi báàjì kọ́ ọrùn. Bí o bá rí èyí tó wù ọ́, wàá fi tìrẹ gbà á, ọ̀kan sí ọ̀kan, òṣìṣẹ́ náà kò sì gbọdọ̀ kọ̀ ọ́ bí tìrẹ bá jẹ́ ojúlówó. Ojúlówó ni ìṣòro wà. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ra ọ̀kẹ́ báàjì kan lọ́wọ́ ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó pọ́ọ́kú. Nígbà tó dé, ó fúyẹ́ lọ́wọ́, etí rẹ̀ ń ha ìka, àwọ̀ rẹ̀ sì rì sísàlẹ̀ bí ojú ọ̀nà tó jìn. Ayédèrú ni gbogbo rẹ̀. Mo dì wọ́n, mo jù wọ́n nù, torí bí mo bá fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀, ọrùn ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n máa kángun sí.

Èyí tó ní àwòrán José ni mo wá jù. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ àgbà obìnrin kan ni mo ti rí i níkẹyìn, nítòsí ẹnu ọ̀nà ilé ẹyẹ náà gan-an. Ó bojú wo báàjì tí mo nà sí i, ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì yọ tirẹ̀ fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Bàámi rí i níbi tí mo gbé e kọ́ sí. Wọ́n gbé e wò nítòsí, wọ́n gbé e wò lókèèrè, wọ́n ní ẹni tó kùn ún gbìyànjú. N kò tíì rò ó pé kí n fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa wọkọ̀ òfúrufú padà, mo yọ ọ́, mo kúnlẹ̀, mo gún un mọ́ fìlà abetí-ajá wọn, ní apá òsì. Wọ́n ní kí n yí i díẹ̀ sí i, kí ojú ẹyẹ náà lè máa wo iwájú.