Ìwé Tí A Tọwọ́ Bọ̀ ní Pọ̀bẹ́

Ní ọjọ́ Àìkú kan tí a jáde nínú Mísà kejì, ọ̀dọ́bìnrin kan nínú ìjọ wa dá mi dúró lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó sì fa ìwé kan yọ nínú àpò rẹ̀, ojú-ewé mẹ́ta, tí wọ́n fi èdè Faransé kọ. Ó ní ilé ìwòsàn tí òun máa ń gbé ọmọ lọ ń ṣe ìwádìí lórí ibà àwọn ọmọdé, wọ́n sì ní kí òun mú ìwé náà lọ sílé, kí òun kà á dáadáa, kí òun tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mama, ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fi ọmọ mi dán oògùn wò?"

N kò lè dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni èmi náà sọ ní Pọ̀bẹ́ ní ọdún 2006, pẹ̀lú ariwo, níwájú èrò. Nígbà tí mo sọ fún Fàdá, wọ́n ní kí n kọ ìtàn náà sí ojú-ewé àwọn ìdílé. Mo gbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn náà kò yìn wá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ọ̀rọ̀ kàn. Ọmọ ọdún 9 ni nígbà náà, ó ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní abúlé wa, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ àbàtà, tí omi kì í tètè gbẹ lẹ́yìn òjò. Kókó kékeré kan yọ sí i ní apá ọ̀tún, lókè ìgbọ̀nwọ́. Kò dùn ún rárá, ohun tí ó sì tàn wá jẹ nìyẹn. Ta ni í gbé ọmọ tí nǹkan kan kò dùn lọ sí ilé ìwòsàn? Ọmọ ń lúwẹ̀ẹ́, ó ń gun igi, ó ń jẹun. Nígbà tí ó yá, kókó náà tẹ́, awọ ibẹ̀ le, ó bẹ́, ó sì di egbò. Egbò náà ń jẹ abẹ́ awọ lọ ju ibi tí ojú rí lọ.

Àwọn ará ilé ní àsàsí ni. Wọ́n dárúkọ obìnrin kan tí ó bá ìyá ọmọ náà jà lọ́jà. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ onísègùn, wọ́n fi ewé dì í, wọ́n fi irin gbígbóná jó etí egbò náà. Èmi tí mo wà ní Kútọnu níbí, tí mo ń gba Ara Olúwa ní ọjọọjọ́ Àìkú, èmi ni mo fi owó ewúrẹ́ ètùtù ránṣẹ́. Mo ti jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Fàdá. Oṣù 7 ni a fi ṣe gbogbo èyí, egbò náà sì ti fẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà méjì.

Katikísì abúlé ni ó gbà wá. Ó ti rí irú egbò bẹ́ẹ̀ rí ní Zagnanado, ní ilé ìwòsàn àwọn Sístà, níbi tí Sístà Julia Aguiar ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí a má wulẹ̀ lọ jìnnà, pé ilé ìwòsàn kan tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí àìsàn yìí wà ní Pọ̀bẹ́, nítòsí wa níbẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ láti Kútọnu, mo lọ bá wọn níbẹ̀, nítorí pé èmi ni mo gbọ́ Faransé nínú ẹbí.

Wọ́n fi òwú nu etí egbò, wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n ní egbò Buruli ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ìwé jáde. Wọ́n fẹ́ ya àwòrán egbò náà, wọ́n fẹ́ wọ̀n ọ́n, wọ́n fẹ́ kọ ibi tí a ń gbé sílẹ̀ àti irú omi tí a ń lò, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ náà padà wá lẹ́yìn ọdún kan kí wọ́n tún wò ó. Ibẹ̀ ni mo ti pariwo. Mo ní ọmọ wa kì í ṣe ẹran ìdánwò.

Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan tí ó ń sọ Ànàgó bíi tiwa ni ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò bá mi jà. Ó ní, "Tàńtí, ẹ jókòó ná. Bí ẹ bá ní a ò gbọdọ̀ kọ ọ́, a ó tọ́jú rẹ̀ bákan náà. Ṣùgbọ́n oògùn tí a fẹ́ fún un yìí, ibo ni ẹ rò pé a ti mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Lára ọmọ àwọn ẹlòmíràn ni. Àwọn ìyá wọn ni wọ́n gbà kí a kọ ọ́."

N kò rí èsì fọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ ìka, èmi sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń béèrè, tí mo sì ń kà nípa rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ obìnrin náà kò kúrò lọ́kàn mi. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa àìsàn yìí, inú ìwé àwọn aláìsàn ni ó ti wá. Ní ọdún 1897, dókítà kan tí ń jẹ́ Albert Cook, ní ilé ìwòsàn Mengo ní Uganda, kọ egbò ńláńlá kan tí ó rí lára àwọn aláìsàn rẹ̀ sílẹ̀. Kò mọ ohun tí ó fà á. Ó kọ ọ́ ṣáá. Ní ọdún 1948, ní Ọsirélíà, MacCallum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìtàn aláìsàn 6 péré, wọ́n sì fi hàn pé kòkòrò kan tí ó bá ti ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ti ẹ̀tẹ̀ tan ni ó ń fà á. Orúkọ Buruli, agbègbè kan ní Uganda ni wọ́n ti mú un, níbi tí àìsàn náà ti pọ̀ ní àárín ọdún 1960 sí 1970. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ rí i pé kòkòrò náà ń tu oró kan tí ń pa ẹran ara, tí kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ìrora. Nítorí náà, àìdunni tí a fi ṣe ìdí ìjáfara wa, àmì àìsàn gan-an ni.

Láyé àtijọ́, ọ̀bẹ nìkan ni ìwòsàn rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ a gé egbò náà kúrò pẹ̀lú ẹran tí ó dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nígbà mìíràn a gé ẹsẹ̀ tàbí apá. Láti ọdún 2004 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa lo oògùn méjì fún ọ̀sẹ̀ 8: rifampicin, tí ènìyàn ń gbé mì, àti abẹ́rẹ́ streptomycin. Ní Pọ̀bẹ́, Dókítà Annick Chauty àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ka àwọn 224 tí wọ́n fún ní oògùn náà, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2007. Àwọn 215 ni ìtọ́jú yọrí sí rere fún, 102 nínú wọn kò sì rí ojú ọ̀bẹ rárá. Lẹ́yìn ọdún kan, nínú àwọn 208 tí wọ́n tún rí, 3 péré ni àìsàn náà padà sí lára. Ẹ kíyè sí i pé bí àwọn ènìyàn kò bá padà wá kí a wò wọ́n, nọ́mbà ìkẹyìn yìí kò lè sí. Ìdí tí wọ́n fi ní kí ọmọ wa padà wá nìyẹn.

Ọmọ wa gba abẹ́rẹ́ 56. Lójoojúmọ́ ni, ọjọ́ Àìkú kò yẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹta, bí ó bá ti gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti oògùn bọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n bó awọ itan rẹ̀ láti fi bo ojú egbò. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kí ó máa na apá fún àwọn ọmọ lọ, kí oríkèé má baà gan. Àwọn ọmọ kò fẹ́ràn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni ó bá wọn ṣe iṣẹ́ tí ó le jù. Egbò náà san. Apá náà kò nà tán mọ́ títí di òní.

Ní ọdún 2014, àwọn oníṣègùn tẹ ìwé mìíràn jáde lórí àwọn aláìsàn 1,227 tí wọ́n tọ́jú ní Pọ̀bẹ́ láti 2005 dé 2011, tí àyẹ̀wò fi ìdí àìsàn wọn múlẹ̀. Àwọn ọmọdé ni ó pọ̀ jù, ẹsẹ̀ ni ó sì ń mú jù. Nínú àwọn tí wọ́n tún wò lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 22 nínú 100 ni ẹ̀yà ara wọn kò padà bọ̀ sípò. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n ọmọ wa wà nínú àwọn 1,227, ó sì wà nínú ìdá 22. Ó wà níbẹ̀ nítorí oṣù 7 àti owó ewúrẹ́ mi.

Abẹ́rẹ́ streptomycin ní ìyọnu tirẹ̀, ó lè ba etí jẹ́. Nítorí náà ni wọ́n fi béèrè bóyá oògùn gbígbé mì nìkan kò lè tó. Láti 2013 dé 2017, ilé ìwòsàn 4 ní Gánà àti ti Pọ̀bẹ́ wa gba aláìsàn 310, àwọn tí egbò wọn kò tíì ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Gègé ni wọ́n ṣẹ́. Àwọn kan gba abẹ́rẹ́, àwọn yòókù gba hóró clarithromycin dípò rẹ̀, gbogbo wọn sì lo rifampicin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ọ̀rọ̀ gègé yìí máa ń bí nínú, pé ṣé ẹ̀mí ọmọ ènìyàn ni a ń ta tẹ́tẹ́ lé lórí? Ẹ rò ó wò. Bí a bá ní kí dókítà fúnra rẹ̀ yàn, ó lè fún àwọn tí àìsàn wọn fúyẹ́ ní hóró, kí ó sì pa abẹ́rẹ́ mọ́ fún àwọn tí tiwọn le. Nígbẹ̀yìn a kò ní mọ̀ bóyá oògùn ni ó dára ni tàbí àìsàn ni ó kéré. Àwọn Àpọ́stélì pàápàá ṣẹ́ gègé kí wọ́n tó mú Mátíásì. Nígbà tí àbọ̀ jáde nínú ìwé The Lancet ní ọdún 2020, nínú àwọn tí àyẹ̀wò fi ìdí àìsàn wọn múlẹ̀, 144 nínú 151 tí ó gba abẹ́rẹ́ ni ó san, àti 140 nínú 146 tí ó gbé hóró mì. Ọgbọọgba ni wọ́n. Hóró ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń sọ pé kí a lò báyìí. Ọmọ tí egbò bá mú lónìí kò ní gbọ̀n nítorí ìró kẹ̀kẹ́.

Kì í ṣe egbò nìkan. Àwọn àwọ̀n ẹ̀fọn tuntun tí wọ́n dán wò ní Cové, Zagnanado àti Ouinhi, àwọn abúlé gan-an ni wọ́n ṣẹ́ gègé lé lórí, nígbà tí àbọ̀ rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2023, ọ̀kan nínú wọn dín ibà àwọn ọmọdé kù tó ìdá 46 nínú 100 sí ti àwọ̀n àtijọ́.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa tọwọ́ bọ ìwé bí ẹni ń gba káàdì ìdìbò. Ẹ̀rù tí ń ba àwọn ènìyàn ní ìdí. Ní Kano, ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn ọpọlọ ń pa àwọn ọmọdé, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn kan wò lára àwọn ọmọ níbẹ̀. Ọmọ 11 kú nínú nǹkan bí 200 tí wọ́n kó jọ, àwọn òbí sì ní ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn kò ṣe àìdára. Síbẹ̀ ní ọdún 2009 wọ́n bá Ìpínlẹ̀ Kano parí ẹjọ́ pẹ̀lú mílíọ̀nù 75 dọ́là. Bàbá Mímọ́ Piu Kejìlá ti bá àwọn oníṣègùn sọ ọ́ ní ọdún 1952 pé dókítà kò ní agbára lórí ara aláìsàn kọjá èyí tí aláìsàn fúnra rẹ̀ bá yọ̀ǹda, àti pé a kò lè torí ire ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ ẹnì kan di ohun èlò. Èyí ni ìyàtọ̀ tí mo rí láàárín Pọ̀bẹ́ àti ohun tí àwọn òbí Kano sọ. Ní Pọ̀bẹ́, wọ́n jẹ́ kí n pariwo, wọ́n sì dáhùn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti di ọkùnrin. Fóònù ni ó ń tún ṣe, iṣẹ́ tí kò béèrè kí apá nà. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ èyí, ó ní, "Tàńtí, ẹ kọ iye oṣù náà sí i o, kí ẹ má dín in."

Ọ̀dọ́bìnrin yẹn padà wá ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e. A jókòó sórí àga ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti lọ. Mo bi í bóyá ó ti béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá kọ̀, ta ni yóò rí orúkọ ọmọ náà, àti bóyá ó lè yọwọ́ bí ọkàn rẹ̀ bá yí padà. Ó ní ó ti béèrè èkíní, òun kò ronú kan èkejì àti ẹ̀kẹta. Ó fa bírò yọ, ó kọ wọ́n sí ẹ̀yìn ìwé náà. Mo mú ìgò mi, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú-ewé kìíní.