Eyín Ọmọdé Tí Kò Ká Lẹ́nu Ajá

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin ajá ni kò mọ̀ pé ọmọ ajá náà ń pààrọ̀ eyín bí ọmọ ènìyàn. Kò yani lẹ́nu. Bí eyín ọmọ wa bá ká, gbogbo ilé ni yóò gbọ́. Ọmọ á jù ú sórí òrùlé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á máa kìlọ̀ fún un pé kí aláǹgbá má rí i. Ti ajá kì í ní ariwo. Á gbé e mì pọ̀ mọ́ oúnjẹ, tàbí kí ó bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí wọ́n sì gbá a dànù. Eyín 28 ni ọmọ ajá kọ́kọ́ máa ń hu, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà tí wọ́n bí i. Bí ó bá ti tó oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ká, nígbà tí yóò bá sì fi pé oṣù méje, eyín àgbà 42 ló yẹ kó ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Bí eyín ṣe ń ká yìí máa ń wú mi lórí gan-an. Eyín àgbà tó ń bọ̀ lábẹ́ á máa ti gbòǹgbò eyín ọmọdé, ara á sì máa jẹ gbòǹgbò náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán. Orí eyín nìkan ló kù nígbà náà, òun ló sì máa ń bọ́. Ṣùgbọ́n bí eyín àgbà bá gba ẹ̀gbẹ́ yọ, gbòǹgbò ti àkọ́kọ́ kò ní jẹ tán, eyín ọmọdé á dúró gbọnin, ajá á wá ní méjì níbi tó yẹ kí ẹyọ kan wà. Àwọn ajá kéékèèké ló wọ́pọ̀ fún jù: Yorkshire Terrier, Chihuahua, Maltese, Pomeranian àti irú wọn.

Eyín gígùn ẹlẹ́nu ṣóńṣó, mẹ́rin tó wà ní igun ẹnu, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ní òkè, iwájú eyín ọmọdé ni ti àgbà máa ń gbà yọ. Ní ìsàlẹ̀, apá inú ni, lọ́dọ̀ ahọ́n. Nítorí náà, bí ti ọmọdé bá kọ̀ tí kò kúrò nísàlẹ̀, ti àgbà kò ní ríbi tẹ̀ síta. Bí ajá bá wá pa ẹnu dé, ṣóńṣó eyín náà á máa gún un lájà ẹnu. Bí ó bá pẹ́, ihò lè là láti ẹnu bọ́ sí imú. Èyí tí kò tilẹ̀ gún ibì kankan, oúnjẹ àti irun á há sáàárín eyín méjèèjì, èrìgì á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, egungun tó di eyín àgbà mú náà á sì máa jẹ. Gbogbo èyí á máa ṣẹlẹ̀ tí ajá á ṣì máa jẹun, tí á ṣì máa ju ìrù bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Abo Lhasa tí a ní nílé, Dúdú, kò tíì pé oṣù mẹ́fà nígbà tí mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ní Ìbàdàn. Dókítà ẹran, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, gbé ètè ajá náà sókè.

"Ẹ wo ibí yìí, sà. Méjì ló wà níbi ẹyọ kan. Tòkè lè dúró dìgbà tí a bá fẹ́ yọ ilé ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tìsàlẹ̀ yìí ti ń gún un. Ẹ má jẹ́ ká fi dọjọ́ yẹn."

Àṣà tó gbilẹ̀ ni pé kí wọ́n yọ irú eyín bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń tẹ akọ lọ́dàá tàbí tí wọ́n bá ń yọ ilé ọmọ abo. Mo fara mọ́ àṣà náà. Oògùn tó ń kun ajá lóorun kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Wọ́n ní láti ki ọ̀pá sí i lọ́nà ọ̀fun kó lè mí, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọkàn rẹ̀ títí tí yóò fi jí. Bí oorun kan bá lè gba iṣẹ́ méjì, ó sàn fún ajá, ó sì sàn fún àpò olówó rẹ̀. Ikùn ni ọ̀pọ̀ dókítà máa ń kọ́kọ́ ṣe, wọ́n á fi ẹnu ṣe ìkẹyìn, torí pé kòkòrò àìfojúrí pọ̀ lẹ́nu, ibi tí wọ́n bá sì ti la ikùn gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní. Ọjọ́ orí pàápàá bára mu. AAHA, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìwòsàn ẹran ní Amẹ́ríkà, sọ nínú ìlànà wọn ti 2019 pé kí akọ ajá kékeré, èyí tí kò ní tó 45 pọ́n-ùn bó bá dàgbà, gba iṣẹ́ abẹ yìí ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, kí abo sì gbà á kí ara rẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá akọ. Àkókò yẹn gan-an ni eyín ṣóńṣó àgbà ń yọ.

Síbẹ̀, eyín ló yẹ kó dá ọjọ́, kì í ṣe ìwé tí a kọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sí. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni eyín àgbà fi ń gùn. Bí a bá tètè yọ èyí tó dínà, ó ṣì lè fúnra rẹ̀ yà síbi tó yẹ. Bí a bá jẹ́ kó gùn tán síbi tí kò dáa, ó di iṣẹ́ mìíràn tó le ju ìyọkúrò lọ. Wọ́n kun Dúdú lóorun lẹ́ẹ̀mejì nítorí èyí, a sì san owó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan nílé rò pé ìnáwó àpà ni. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé kí ẹnìkan sáà fi ẹ̀mú fà á jáde kò tíì rí gbòǹgbò rẹ̀. Ohun tó yọ sókè kéré. Èyí tó wà nínú èrìgì gùn jù ú lọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ kọrọdọ, ó sì rọrùn láti ṣẹ́. Bí ó bá ṣẹ́ sínú, ó lè di egbò. Bí ọwọ́ bá wúwo, ó lè ba eyín àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń ya àwòrán rẹ̀ ṣáájú, tí ó sì máa ń fi irin pẹlẹbẹ tú u lára egungun díẹ̀díẹ̀ kí ó tó fà á. Àwòrán náà tún máa ń fi hàn bí eyín àgbà kò bá tilẹ̀ sí lábẹ́ rárá, nítorí nígbà náà, ó lè sàn kí wọ́n fi ti ọmọdé sílẹ̀ fún un.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń ta ọmọ ajá gbọ́. Àbùdá yìí máa ń tọ ìdílé. Bí a bá yọ eyín náà tán, ẹnu á dára, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí ajá náà bá bí lè jogún rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí Dúdú bímọ lẹ́ẹ̀kan péré kí wọ́n tó yọ ilé ọmọ rẹ̀, torí pé ọmọ Lhasa ń pa owó. Mo ṣàlàyé ohun tí a bá lẹ́nu rẹ̀ fún wọn, mo sì kọ̀. Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé, wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀, wọ́n sì yọ eyín ọmọdé méjì tó kù lókè nínú oorun kan náà. Oúnjẹ rírọ̀ ló jẹ fún ọjọ́ mélòó kan, a sì gba okùn tó máa ń fi eyín fà lọ́wọ́ rẹ̀ títí èrìgì rẹ̀ fi san.