Ojúde Ọba: Ọpẹ́ Ọjọ́ Kẹta Iléyá



Bí oṣù Iléyá bá ti ń súnmọ́ etílé, ohun méjì ni ó máa ń gba ọkàn bàálé ilé: owó àgbò àti owó ọkọ̀. Àwọn àgbà wa a máa túmọ̀ orúkọ ọdún náà sí "ilé yá". Èyí fi hàn pé ìrìn àjò ti wà nínú ọdún yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Àbújá àti àwọn ìlú mìíràn tí ó jìnnà sí ilé mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀, tí ó ń sọ Haúsá bí ẹni mu omi, lè má mọ orírun bàbá rẹ̀ ju orúkọ lásán lọ. Ìsinmi ọdún ni ó máa ń mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dé ilé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jọ rìn dé Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ rí bí àwọn Mùsùlùmí ìlú kan ṣe ń pín ọjọ́ ọdún wọn: ọjọ́ kìíní fún Ọlọ́hun, ọjọ́ kejì fún ẹbí àti ará, ọjọ́ kẹta fún ọpẹ́ tí wọ́n ń dá lọ́wọ́ ọba wọn.

Ìpínlẹ̀ Ògùn ni Ìjẹ̀bú-Òde wà, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ti Ṣágámù lọ sí Ọ̀rẹ́ àti Benin. Ẹni tí ó bá ti Èkó lọ lè dé ibẹ̀ láàárín nǹkan bí wákàtí méjì bí sùnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò bá dá a dúró. Ẹni tí ó bá ń ti òkè Ọya bọ̀ ní tirẹ̀ yóò fi odindi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rìn. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má ṣe rin ìrìn òru, kí ẹ sì ti bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ tàbí kí ẹ ti gba yàrá ní ilé ìtura kí oṣù tó lé, nítorí pé kì í sí àyè mọ́ bí ọdún bá ku ọ̀tunla. Ẹ rántí pẹ̀lú pé oṣù ojú ọ̀run ni a fi ń ka ọjọ́ ọdún wa, tí ó sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣíwájú lọ́dọọdún. Ní ọdún 2024, ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ni a kírun Iléyá. Ní ọdún 2025, ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ni. Àsìkò òjò nìyẹn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹ má ṣe gbàgbé agboòrùn.

Ọjọ́ kìíní kò yàtọ̀ sí ti ibikíbi tí Mùsùlùmí wà. Ẹ óò gbọ́ ohùn kábárà láti àárọ̀ kùtù, ẹ óò rí àwọn ọmọdé nínú aṣọ tuntun, ẹ óò sì bá àwọn èrò tò lọ sí yídì. Lẹ́yìn ìrun ni ọ̀bẹ yóò kan ọrùn àgbò. Lọ́sàn-án, nígbà tí ẹran bá ti ń rùn wìnìwìnì lórí iná, ẹ bèèrè fún ìkọ́kọrẹ́, oúnjẹ tí a fi ń mọ ọmọ Ìjẹ̀bú. Ewùrà ni wọ́n máa ń rin, tí wọ́n ń sè é pẹ̀lú epo pupa, ata àti ẹja, tí yóò fi di kókó kókó nínú ìkòkò. Ọmọ tí kò bá jẹ ẹ́ rí lè kọ́kọ́ fajú ro. Ẹ fi sùúrù bọ́ ọ ní ṣíbí kan, ẹ óò rí i pé yóò tún na ọwọ́.

Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ àbẹ̀wò. Ẹran á ti pín dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìní àti aládùúgbò, ẹbí á sì máa kí ara wọn. Bí àyè bá gbà yín ní ọjọ́ náà, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Òkè-Èrí, tí kò jìnnà sí ìlú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ibojì Bílíkísù Sùngbọ́ hàn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé obìnrin ọlọ́rọ̀ ni, kò sì bímọ. Wọ́n ní nítorí kí orúkọ rẹ̀ má baà parẹ́ ni ó ṣe gbẹ́ yàrà ńlá tí a ń pè ní Eredo. Yàrà náà àti odi rẹ̀ gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ó sì ga tó mítà 20 ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé ṣóńṣó odi. Àwọn kan gbà pé òun ni Bílíkísù, ọbabìnrin Sábà, tí ìtàn rẹ̀ àti ti Ànábì Súlàímọ́nù wà nínú Àlùkùráánì. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ ilẹ̀ náà wò sọ pé odi náà lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ànábì Súlàímọ́nù ti wà ṣáájú èyí jìnnà réré, nítorí náà ìtàn méjèèjì kò lè jẹ́ ọ̀kan. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa tóbi tó láti dúró fúnra rẹ̀, kò dìgbà tí a bá yá orúkọ ẹlòmíràn fún un.

Ọjọ́ kẹta wá dé. Èyí ni Ojúde Ọba. Láti òwúrọ̀ ni ìlú yóò ti kún fọ́fọ́. Ní pápá ayẹyẹ tí ó wà nítòsí ààfin, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tí wọ́n ń pè ní régbérégbé yóò máa kọjá níwọ̀n-níwọ̀n, tọkùnrin tobìnrin. Ẹni tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún díẹ̀ lọ síra ni ó ń wà nínú ẹgbẹ́ kan. Ẹ tẹ́tí sí orúkọ wọn: Bọ́bagbìmọ̀, Gbọ́baníyì, Bọ́bakẹ́yẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ náà ni ó fi ọba sínú orúkọ wọn, bí ẹni ń sọ pé iṣẹ́ tí a bí àwọn fún nìyí. Aṣọ ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ jọ ti èkejì. Ẹ óò rí aṣọ òkè, ẹtù àti àlàárì, dámáàsìkì àti léèsì, fìlà tí a gẹ̀ àti gèlè tí ó dúró bí òrùlé. Ẹgbẹ́ kan á jó dé iwájú, á yíká sí ọba, á sì fi àyè sílẹ̀ fún èyí tí ó tẹ̀lé e.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn ìdílé Balógun yóò wọlé pẹ̀lú ẹṣin: ìdílé Kuku, ti Ọdúnúgà, ti Aláúsá àti àwọn yòókù. Ìlù á yí padà, ìbọn á dún, ilẹ̀ á sì máa mì lábẹ́ pátákò. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun kan níbí. Ilẹ̀ igbó kò rọ ẹṣin lọ́rùn láyé àtijọ́, nítorí eṣinṣin tsetse tí ń fa ẹ̀jẹ̀ mu tí ó sì ń kó àrùn ràn wọ́n. Láti òkè Ọya ni ẹṣin ti ń wá sí ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ẹṣin tí ẹ óò rí ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ṣì jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti wá títí di òní. Nítorí náà, ọmọ yín tí ó dàgbà sí Kánò tàbí Sókótó kì í ṣe àlejò pátápátá ní pápá yìí. Ó lè mọ ìjánu àti gàárì ju ọmọ inú ìlú lọ. Ẹ kàn kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe dúró sẹ́yìn ẹṣin, kí ẹ sì ti sọ fún àwọn kéékèèké pé ìbọn yóò dún, kí ẹ̀rù má baà bà wọ́n.

Ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé: kí ni gbogbo èyí wà fún? Bí ọmọ yín bá bi yín, kí ni ẹ óò sọ?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọpẹ́ ni. Ìjẹ̀bú jẹ́ ìlú tí ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àjèjì fún ìgbà pípẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun wọn ní Ìmàgbọn, tí ọ̀nà fi ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìsìláàmù ti yọ́ wọ ìlú náà ṣáájú ogun yẹn, lọ́dọ̀ àwọn ẹrú àti àwọn oníṣòwò. Kò rọrùn fún wọn. Ẹni tí ó bá ń forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́hun ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ń bọ òrìṣà kò mọ ohun tí ọ̀la yóò mú wá. Ìtàn tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé Awùjalẹ̀ àkókò náà gbà wọ́n láyè kí wọ́n máa ṣe ẹ̀sìn wọn ní gbangba láìsí ìdíwọ́. Orúkọ Ọba Adémúyẹ̀wò Afìdípọ̀tẹ̀mọ́lẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń dá nínú ìtàn náà. Àwọn Mùsùlùmí ìgbà náà kò gbàgbé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kírun Iléyá tán, wọ́n á kó ara wọn jọ, wọ́n á lọ sí iwájú ààfin láti kí ọba, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì ṣe àdúà fún un àti fún ìlú. Nígbà tí Balógun Kuku, jagunjagun àti ọlọ́rọ̀, gba Ìsìláàmù ní ọdún 1902, ìkíni náà gba ọlá kún un, ẹṣin àti ìlù sì di ara rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ọba tí ó fún wọn láyè náà kì í ṣe Mùsùlùmí. Síbẹ̀ wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ọjọ́ kẹta ni wọ́n yàn, wọn kò da ìkíni náà pọ̀ mọ́ ìrun. Ìrun àti ẹran pípa jẹ́ ti Ọlọ́hun nìkan. Ìkíni ọba jẹ́ àṣà àti ìwà ọmọlúàbí. Ẹni tí ó bá mọ ààlà àárín méjèèjì kò ní fi ìkan ba èkejì jẹ́. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Lóde òní, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì àti àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn ń bá àwọn Mùsùlùmí jó nínú régbérégbé kan náà. A kò rí èyí bí àbùkù. Èso òmìnira tí a ń dúpẹ́ fún náà gan-an ni. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni pé aṣọ ti fẹ́ bo ọpẹ́ mọ́lẹ̀. Ní ọdún 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin tàn ká gbogbo ayé, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò gbọ́ orúkọ Ìjẹ̀bú-Òde rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀nà ibẹ̀. Ohun ìwúrí ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi púpọ̀ nínú wọn léèrè ìdí tí ẹlẹ́ṣin fi ń lọ sí iwájú ọba, wọn kò ní mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàálé ilé kan ń jẹ gbèsè nítorí aṣọ ẹgbẹ́, tí wọn yóò fi oṣù púpọ̀ san, tí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yóò sì dúró. Ìsìláàmù kò gba ìná àpà láyè. Ọpẹ́ tí ó sọ ènìyàn di onígbèsè ti kúrò ní ọpẹ́. Ẹni tí kò lágbára aṣọ ọdún yìí lè wọ ti èṣí, kí ó fọ̀ ọ́ mọ́, kí ó sì wá kí ọba. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ lọ sí ààfin kò lọ pẹ̀lú léèsì.

Àsìkò tí a wà yìí sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wúwo sí i. Ní ọdún 2020 àti 2021, àrùn Kòrónà kò jẹ́ kí ayẹyẹ náà wáyé. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ní 2022. Ti ọdún 2025 wáyé ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 13 oṣù Keje, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà papò dà ní ẹni ọdún 91. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1960 ni ó ti gorí ìtẹ́. Òun ni ó sọ régbérégbé jí padà, abẹ́ rẹ̀ ni Ojúde Ọba sì ti di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Àwọn tí wọ́n ti di bàbá àgbà ní Ìjẹ̀bú kò mọ ọba mìíràn láti kékeré wọn. Nígbà tí irú ògo bẹ́ẹ̀ bá lọ, àwọn ìdílé ni ó kù láti sọ ìtàn náà. Bí wọn kò bá sọ ọ́, ẹṣin á ṣì máa sáré, aṣọ á ṣì máa dán, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò mọ gbèsè tí a ń san.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá mú ọmọ dé Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ má ṣe fi fóònù nìkan ya ẹṣin. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, kí pápá tó kún, ẹ jókòó ti àgbà kan nínú ẹbí, kí ó sọ ìtàn àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kírun ní ìlú náà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Bí ó bá padà sí Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì tí olùkọ́ sì ní kí ó kọ àròkọ nípa ìsinmi rẹ̀, yóò ní ohun tí ó ju "mo jẹ ẹran" lọ láti kọ. Ẹ sì bi í léèrè pẹ̀lú pé ta ni ó ṣe oore fún ìdílé tiyín ní ìlú tí ẹ ń gbé: onílé tí ó gbà yín nígbà tí ẹ kọ́kọ́ dé, aládùúgbò tí ó fún yín ní àyè ilẹ̀ láti kírun, ẹni tí ó dáàbò bò yín ní ọjọ́ ìjà. Ọjọ́ kẹta Iléyá tó láti gbé ẹran àti ìkíni lọ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ẹṣin.

Kí Ọlọ́hun mú wa rí ọ̀pọ̀ Iléyá sí i nínú àlàáfíà, kí Ó sì kà wá mọ́ àwọn tí ń dúpẹ́. Àmín.